Bí Ìró Bá Sọnù Lórí Kọ̀ǹpútà, Ohùn Kò Tíì Sọnù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé ìdajì, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni. Ó dá lórí kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, tí ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí a bá rán an, ṣùgbọ́n tí kò mú ìró kankan jáde.

Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, mo ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ọwọ́ wọn kò lè gba Windows 11, tí wọ́n sì ti yà sí Linux. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání ni. Àmọ́ kì í pẹ́ tí gbólóhùn kan fi máa ń ti ẹnu wọn jáde: "Kọ̀ǹpútà mi ò sọ̀rọ̀ mọ́, sà." Èrò tèmi ni pé gbólóhùn yìí gan-an ni ìdajì ìṣòro náà. Ó gbòòrò jù. Ẹni tí ó bá lọ bá oníṣègùn tí ó ní "ara mi ò yá," oníṣègùn yóò bi í pé níbo ni ó ti ń dùn ún.

Yorùbá kò sì ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó lè ṣe ẹni tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Odi wà, tí kò ní ohùn láti ìpilẹ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ há wà. Ẹni tí ó dákẹ́ nítorí pé wọ́n ní kí ó dákẹ́ wà. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ wà. Ẹnìkan tún wà tí ń fi gbogbo agbára sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ó kọjú sí ògiri, tí ó kẹ̀yìn sí àwọn tí ó yẹ kí ó bá sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí kò ní irú tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà. Ẹni tí ó bá ń fi ìtọ́jú odi tọ́jú ẹni tí ó kàn dákẹ́, ìnáwó asán ni yóò ṣe.

Kí ni ó kan ẹni tí ń kọ́ èdè nínú gbogbo èyí? Ẹ wo igba, igbá, ìgbà, ìgbá àti igbà. Igba ni ọgọ́rùn-ún méjì, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, ìgbá ni èso tí a ń jẹ, igbà sì ni okùn tí àwọn tí ń gun ọ̀pẹ fi ń so ara wọn mọ́ ọ̀pẹ. Àmì tí a fi sí wọn lórí ìwé wúlò púpọ̀, Linux pàápàá sì ní ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà tí ẹ lè fi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àmì kì í ṣe ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò mú ìró jáde ń kọ́ Yorùbá bí ẹni tí ń fi ojú tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ará Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó. Nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí Abíọ́dún Adétùgbọ́ ṣe ní Yunifásítì Columbia ní 1967, ó pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sí agbègbè ńlá mẹ́ta, ẹ̀ka-èdè Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ sì bọ́ sí gúúsù ìlà-oòrùn. Àwọn ẹ̀ka-èdè wọ̀nyí pa àwọn ohun kan mọ́ tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní. Ìró tí a máa ń kọ ní gh ṣì wà láàyè lẹ́nu wọn, nígbà tí Ọ̀yọ́ ti gbé tirẹ̀ sọnù láti ayébáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti da arọ́pò-orúkọ "ẹ" àti "wọ́n" pọ̀ di ọ̀kan: "àn án wá" lè jẹ́ "ẹ wá," ó sì lè jẹ́ "wọ́n wá." Ọ̀rẹ̀ sì wà ní oríta tí títì Èkó sí Bìní ti pàdé títì Oǹdó, níbi tí àwọn ọkọ̀ akérò ti ń dúró kí èrò lè jẹun, tí gbogbo èdè ilẹ̀ yìí ti ń fara kan ara wọn láràárọ̀. Ẹnu irú oríta bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ yí padà. Bí a kò bá gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ nísinsìnyí, kò sí ìwé gírámà tí yóò sọ fún àwọn ọmọ wa bí gh ṣe dún.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó lọ sí Òdìgbó, ó gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ohùn náà lé ní wákàtí mẹ́rin, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kí ẹ lè mọ bí wákàtí mẹ́rin ti tó: ní ọdún 2020, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Google gbé àkójọ ohùn Yorùbá jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn oníwádìí, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin náà ni ó jẹ́, láti ẹnu ènìyàn 36. Lóòótọ́, tiwọn mọ́ gaara ju ohun tí a gbà sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé iṣẹ́ ọmọ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sì ti papò dà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìró sọnù lórí kọ̀ǹpútà náà. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n sì dá a lóhùn pé Linux kò bá sáùndì mu, kí ó jẹ́ kí àwọn pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí àwọn fi Windows sí i. Ọpẹ́ ni pé owó tí wọ́n dá lé e kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ náà ni wákàtí mẹ́rin ohùn Òdìgbó.

Ìmọ̀ràn "ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́" yìí ni mo ń bá jà. Ó ti di ìwà láàárín wa. Bí nǹkan kékeré bá ti ṣẹlẹ̀, a ó wó ilé nítorí ilẹ̀kùn tí kò ṣí. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò tíì bi ara rẹ̀ pé níbo gan-an ni ìró náà ti dúró ni. Ìbéèrè yẹn ni àwa tí a kọ́ fònẹ́tíìkì mọ̀ bí a ṣe ń béèrè. A mọ̀ pé èémí ní láti ti ẹ̀dọ̀fóró jáde, kí ó gba àárín tán-án-ná kọjá, kí ó dé ẹnu, kí ahọ́n àti ètè tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn kò bá fọhùn, ibì kan lójú ọ̀nà yìí ni ìdíwọ́ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Linux rí, orúkọ ibùdókọ̀ ojú ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni káàdì ìró wà, ìyẹn irin lásán. Irin kò lè dá ìrìn, ó ní láti ní dírẹ́bà, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí ó wà ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀. (Mo fẹ́ràn pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún méjèèjì, kò sí ìdí láti wá òmíràn.) Láyé àtijọ́, ètò OSS tí Hannu Savolainen, ará Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1992 ni ó ń pèsè dírẹ́bà wọ̀nyí. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì ìgbà náà, bí ètò kan bá ti gba káàdì mú, àwọn yòókù yóò máa wò ó ni. Jaroslav Kysela bẹ̀rẹ̀ ALSA ní 1998, ALSA sì wọ inú Linux fúnra rẹ̀ pátápátá pẹ̀lú kernel 2.6 ní oṣù kejìlá ọdún 2003. Òun ni ó ń darí irin náà títí di òní.

Lókè ALSA ni a nílò ẹni tí yóò dà bí alága ìpàdé, tí yóò sọ pé ìwọ sọ̀rọ̀, ìwọ rọra, ìwọ gba ọ̀dọ̀ íápíìsì, ìwọ gba ọ̀dọ̀ sípíkà. PulseAudio ti Lennart Poettering ni ó kọ́kọ́ di alága tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Fedora 8 gbà á ní 2007, Ubuntu gbà á ní 2008, ariwo tí àwọn ènìyàn sì pa lé e lórí nígbà náà kò kéré, nítorí ó ń dí ìró lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní àléébù tẹ́lẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín: orúkọ burúkú tí Linux ní nípa ìró, láti ìgbà náà ni ó ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Lónìí, PipeWire tí Wim Taymans dá sílẹ̀ ni ó ti gba àga náà. Fedora gbà á ní 2021, Ubuntu ní 2022. Ó ń ṣe é jẹ́ẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé alága ti yí padà.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà wá, ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kí ó ṣe kò kan sípíkà rárá. Mo ní kí ó ṣí ọ̀kan nínú fáìlì rẹ̀ nínú Praat. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n, Praat ni ètò ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam fún ìtúpalẹ̀ ìró èdè. Praat kò nílò sípíkà kí ó tó yàwòrán. Ìlà ohùn yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, láìsí ìró kankan nínú yàrá. A rí ohùn òkè, a rí ohùn ìsàlẹ̀. A ń fi ojú wo ohùn àgbà tí ó ti lọ.

Èyí ni mo fi ń sọ pé ìró sọnù, ohùn kò sọnù. Nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè, ìró ni ohunkóhun tí etí lè gbọ́, ohùn sì ni gíga àti ìsàlẹ̀ tí ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ìtumọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá sọ pé "ohùn sọnù lórí kọ̀ǹpútà mi," ẹ ti dẹ́rù ba ara yín láìnídìí.

Lẹ́yìn náà ni a wá tọ ojú ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ wá. Ẹ tẹ <code>aplay -l</code> nínú terminal. Bí ó bá dáhùn pé kò rí káàdì kankan, odi nìyẹn: dírẹ́bà kò sí, tàbí kọ̀ǹpútà ń wá firmware tí a kò fún un. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká onírin Intel tuntun. Lórí Debian, <code>firmware-sof-signed</code> ni ẹ óò fi sí i, kí ẹ sì tún un tan. (Kí Debian 12 tó dé ní oṣù kẹfà ọdún 2023, irú firmware bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ohun tí wọ́n fi ń gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé kì í ṣe ọ̀fẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin wọn. Èmi gbà pé òfin náà dára, ṣùgbọ́n ó fìyà jẹ àwọn tí dátà wọn kò pọ̀.) Ti ọmọ wa kì í ṣe odi, orúkọ káàdì rẹ̀ jáde gedegbe.

Bí káàdì bá wà, ẹ ṣí <code>alsamixer</code>, kí ẹ tẹ F6, kí ẹ yan káàdì gan-an, nítorí ohun tí ó kọ́kọ́ fi hàn lè jẹ́ ojú alága nìkan. Bí ẹ bá rí MM ní ìsàlẹ̀ òpó kan, èyí ni ẹni tí wọ́n ní kí ó dákẹ́. Lẹ́tà M ni ẹ óò tẹ̀ kí ó tó lè lanu. Bí òpó náà bá wà nílẹ̀ pátápátá, wúyẹ́wúyẹ́ ni, ẹ gbé e sókè. Ẹ wo ohun kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Auto-Mute Mode. Òun ni ó máa ń pa sípíkà lẹ́nu mọ́ bí a bá ti ki íápíìsì bọ ihò rẹ̀. Bí eruku bá wọ inú ihò náà, kọ̀ǹpútà a rò pé íápíìsì ṣì wà níbẹ̀, yóò sì máa fi sùúrù dá ìró dúró fún etí tí kò sí. Mo ti rí èyí lórí àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù lọ́pọ̀ ìgbà.

Ti ọmọ yìí kò sí nínú gbogbo wọn. A wá ṣí <code>pavucontrol</code>, tí ń fi iṣẹ́ alága hàn, a lọ sí ojú ewé Configuration, ọ̀rọ̀ sì yé wa. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, ó ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú kíláàsì, ó fi wáyà HDMI so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri, ó sì yan HDMI kí ìró lè gba ibẹ̀ jáde. Wọ́n yọ wáyà, ṣùgbọ́n ètò náà rántí ohun tí ó yàn. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti ń fi gbogbo agbára sọ̀rọ̀ sí ara ògiri tí kò sí mọ́. Ohun tí ó sì dẹ́rù bà á jù, pé gbohùngbohùn náà kò gba ohùn sílẹ̀ mọ́, ibẹ̀ kan náà ni ó ti wá: HDMI tí ó yàn kò ní ojú ọ̀nà tí ohùn lè gbà wọlé. A yí i padà sí Analog Stereo Duplex. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Bàbá àgbà kan láti Òdìgbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ibi tí ó ti dákẹ́.

Ká ní alága fúnra rẹ̀ ni ó sùn, <code>systemctl --user restart pipewire pipewire-pulse wireplumber</code> ni à bá fi jí i, láìfi sudo sí i, nítorí ìránṣẹ́ ẹni tí ń lo kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ti gbogbo ilé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ẹ̀yin olùkọ́ wa, èdè ni a wá kọ́, a kò wá kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà." Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ gidi lórí ohùn Yorùbá nínú kọ̀ǹpútà: Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Ilé-Ifẹ̀, Túndé Adégbọlá ní Alt-i ní Ìbàdàn. Àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì gbọ́ ti ohùn, ni wọ́n. Àwa onímọ̀ èdè kò lè máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a máa retí pé àwọn mìíràn ni yóò máa bá wa gbé ohùn àgbà jáde kúrò nínú ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn yóò ní kí a padà sí Windows kí a sinmi. Ẹni tí ó bá ní owó rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì lè gbé e, kí ó máa lò ó, n kò bá a jà. Àmọ́ ìró máa ń sọnù lórí Windows náà, ìgbà tí ó bá sì sọnù níbẹ̀, ibi tí a lè yọjú wo kéré.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí mo fẹ́ sọ, òun ni ti orúkọ. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá, apá kìíní tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èkejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ láti fi Yorùbá kọ́ Yorùbá. Mo ń gbọ́ pé kí a ṣe irú rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kí ohun gbogbo ní orúkọ gígùn tí kò ní àbùlà. N kò fara mọ́ ọn. Àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ọ̀rẹ̀ ti ní dírẹ́bà, sípíkà àti káàdì lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún wọn. Ibi tí Yorùbá ti ní agbára ju èdè Òyìnbó lọ ni ìṣe: dákẹ́, yadi, há, kọjú sí ògiri. Ẹ fi ìwọ̀nyí sọ ohun tí ó ṣe kọ̀ǹpútà yín, ẹni tí yóò tún un ṣe yóò ti mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò.

Ní ti ọmọ yẹn, a da gbogbo ohùn náà kọ sí ibi méjì mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an, ní WAV, kì í ṣe MP3, nítorí MP3 máa ń gé lára ohun tí etí rò pé òun kò nílò, ìró gh kò sì rọrùn láti gbọ́ bí wọ́n bá ti gé lára rẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo tí ó kù lára wọn ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí ń dún lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí bọ́tìnì kankan nínú <code>alsamixer</code> tí ó lè pa ìyẹn lẹ́nu mọ́.